Ìwé Tí Bàbá Rẹ Kò Fẹ́ Fọwọ́ Sí

Abúlé Ológèdè,
Lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹjọ, 1974.

Ọláìtán ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le ní Pápá Àjàó? Ṣé ẹ̀gbọ́n mi Àkàngbé tí o ń gbé lọ́dọ̀ wọn ń fún ọ lóúnjẹ bí wọ́n ṣe ń fún àwọn ọmọ wọn? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ láàrin èrò Mushin kò ní fi ọ́ pe ẹlòmíràn. Àwa náà wà. Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú, nítorí náà ẹyọ kan ló bí.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé yìí ká. A rí ọ nínú aṣọ kakí, o di ìgbànú, o sì dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n pàṣẹ fún. Ìwé kan tún wà pẹ̀lú rẹ̀ pé kí òbí fọwọ́ sí i kí wọ́n lè fi ọ́ ṣe olórí ọmọ mẹ́jọ, pé bí kò bá padà dé kí oṣù yìí tó parí, wọn yóò fi ẹlòmíràn ṣe é. Bàbá rẹ ní ṣójà ni o fẹ́ lọ ṣe. Wọ́n ní irú ìwé yìí ni Kọ́lápọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn fọwọ́ sí nígbà ogun, tí a kò rí i mọ́ títí dòní. Wọ́n fi ìwé náà sábẹ́ ẹní, wọ́n ń sùn lé e. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mi ò fi jẹun yó.

Ní Sátidé, Tíṣà Bọ́lárìnwá wá ra gààrì, ni mo bá fi fọ́tò hàn wọ́n. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ẹgbẹ́ Síkáòtù ni, àwọn náà ti ṣe é rí, kò sí ìbọn níbẹ̀, ẹ kàn ń kọ́ bí a ṣe ń so okùn, ẹ sì ń sùn nínú àgọ́. Ọkàn mi balẹ̀ débi pé mo jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní ọ̀kan nínú àmì mẹ́ta tó wà lápá aṣọ rẹ nínú fọ́tò jẹ́ ti oúnjẹ sísè. Mo bá ọ yọ̀, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń dáná, kò sí ẹni tó rán nǹkan kan mọ́ mi lápá.

Tíṣà tún ní ọwọ́ òsì ni ẹ fi ń bọ ara yín lọ́wọ́. Jọ̀ọ́, bí o bá ń bọ̀ wálé, fi ìyẹn sílẹ̀ ní Jíbówú kí o tó wọkọ̀. Bí o bá na òsì sí bàbá rẹ, ẹ̀bẹ̀ Tíṣà nìkan kò ní tó.

Wọ́n ní ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ẹnì kan lóore lójoojúmọ́ láìgbowó. Mo ṣírò rẹ̀, 365 lọ́dún. Bí ẹ bá di mẹ́sàn-án pẹ̀lú àwọn ọmọ mẹ́jọ náà, 3,285. Kò yẹ kí gbogbo rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àlejò. Saidat ọmọ àbúrò mi ń yan ẹja ní Ìwáyà, omi pípọn ló ń dà á láàmú. Fún un ní Túsìdeè àti Fúráìdeè, ìyẹn 104, yóò ku 261 tìrẹ fún àwọn ará Èkó.

Mo fún Tíṣà ní kóńgò gààrì kan lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn ni oore tèmi. Ogún kọ́bọ̀ ni, kí o dá a padà fún mi. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ lo ṣì ń kọ́, ṣùgbọ́n fi náírà méjì lé e, afẹ́fẹ́ ti ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná.

Mo sọ ohun tí Tíṣà wí fún bàbá rẹ, nígbà tó sì di àárọ̀ àná, wọ́n fúnra wọn yọ ìwé náà lábẹ́ ẹní, wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ àwọn pé ọmọ tí àwọn yọ̀ǹda yìí ní ojú méjì, etí méjì àti ogún ìka, bí àwọn ṣe kà á fún wọn ni kí wọ́n kà á padà fún àwọn. Mo kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun nìyí nínú àpòòwé.

Ọlọ́run yóò kà ọ́ mọ́ àwọn tó ń padà sílé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àràmídé.