Ojú Òpó Ajíbóyè Ti Dọ́wọ́ Mi

Hàmdálàt, ìyàwó mi orí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má dárúkọ mi, ẹ ṣáà ní bàbá kan l'Áwoyè.

Àbúrò mi Ajíbóyè háyà ojú òpó tó fi ń ta edé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ ojú omi tí orúkọ rẹ bá wà lára rẹ̀, tìrẹ ni. Ó rò pé bákan náà ni, ló bá bú ẹni náà pé kò ní nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Onítọ̀hún gba ojú òpó rẹ̀ padà, èmi sì háyà rẹ̀. Orúkọ Ajíbóyè ṣì wà níbẹ̀, èmi ni àwọn oníbàárà ń pè.

Lánàá ló dọ̀bálẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo fi ń bọ́ ọmọ nìyẹn!"

Mo ní, "Edé rẹ mà dùn o, àwọn oníbàárà ló sọ fún mi."

Ìyáálé yín nílé ní ìkà ni mí. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n dá a padà, àbí kí n gba Ajíbóyè síṣẹ́?