Karosíìnì àti Ẹfun Ni Mo Fi Rí I, Ìyá Mi

Ẹ kú ilé o, ìyá mi, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Mo kí àwọn àbúrò bàbá mi, mo kí gbogbo ìyàwó ilé.

Ẹ mọ̀ pé ìwé kẹta ni mo kà tí bàbá wa fi kú. Mo ru igi. Mo sùn sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi tó ń fi alumíníọ̀mù ṣe ìkòkò ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, nínú ọyẹ́, láàárín àwọn tí n kò gbọ́ èdè wọn. Irin gbígbóná dà sí mi lẹ́sẹ̀, àpá rẹ̀ ń bẹ. Lónìí, láti Sábó dé Ọjà Igbó, ilé ìdáná wo ni ìkòkò mi kò sí? Ẹ lọ bi wọ́n!

Mo wá gbọ́ pé ẹ sọ ní Ọjà Akẹ̀sán pé Ràṣídì àbúrò mi ń kọ́ èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níṣẹ́. Èmi kẹ̀? Ọjà lẹ ti sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, kí ọjà náà gbọ́ tèmi.

Ràṣídì yìí tó ń ṣèwádìí ẹ̀rọ bàálù ní yunifásítì òyìnbó wá fún họlidé, ó ní kí n bá òun ṣe kẹ̀kẹ́ kékeré kan bí fáànù, tí yóò máa yí nínú ẹ́ńjìnnì tí òun fẹ́ dán wò. Mo yọ́ alumíníọ̀mù, mo dà á sínú yanrìn, ó jáde. Ràṣídì fi awò wò ó, ó ní kò lábùkù. Mo ní kó dúró ná. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí Bọ̀ọ̀dá má bínú, èyí kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀. Mo ní bí ìkòkò bá jò, ọbẹ̀ ló máa ṣòfò. Bí èyí bá fọ́ níbi tó ti ń yí, ojú Ràṣídì ló máa fọ́.

Mo fi karosíìnì pa á lára, mo nù ún gbẹ, mo wá fi ẹfun lúbúlúbú kùn ún. Kò pẹ́ tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan fi yọ lórí ẹfun: karosíìnì tó wọ ibi tó sán ló ń jáde. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń yẹ ìkòkò wò kí a tó tà á.

Ràṣídì fi ìka tọ ìlà náà. Ó ní bí wọ́n ṣe ń yẹ irin bàálù wò lọ́hùn-ún nìyẹn, wọ́n kàn fún un ní orúkọ gígùn ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Kò kọ orúkọ tèmi.

Mo ń jowú, n kò ní purọ́. Fọ́tò rẹ̀ nínú aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ló wà ní pálọ̀ yín; èmi tí mo kan páànù orí pálọ̀ náà, n kò sí níbẹ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ kí Ràṣídì náà, kó fi ojú rẹ̀ tó ṣì pé yẹn ka èyí. Ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ń bọ̀ wá sílé pẹ̀lú òòlù, ìṣó kan àti kẹ̀kẹ́ tó sán yẹn. Ẹ̀gbẹ́ fọ́tò Ràṣídì gan-an ni mo máa kàn án mọ́.

Èmi ọmọ yín, àkọ́bí yín,
Bùràímọ̀