Ilé Wa Tí Sàfíyà Tà

Àbẹ̀bí àbúrò mi,

Ẹ dákẹ́ ẹkún ní Kambolé. Hàmídù ọkọ rẹ ló ṣì mí gbọ́ lórí fóònù. Àwòrán ilé wa ni Sàfíyà ọmọ ọmọ mi tà, kì í ṣe ilé. Ó yà á sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Sokodé níbí, ó mú kó rí bí àwòrán ìgbà àtijọ́. Àwọn òyìnbó ń sanwó, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà nílé wọn. Bí wọ́n ti ń rà á tó, kò tán. Mo lálàá pé ilé wa dúró káàkiri ìlú wọn, ìwọ sì ń gbálẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Mo rí ojú rẹ kedere.

Ojú tí mo torí rẹ̀ wá sí ọsibítù ti sàn. Sàfíyà fún mi ní àwòrán náà, mo ní ilẹ̀kùn rẹ̀ dára. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ̀yìn bébà lẹ ń wò yẹn." Mo ní kó má kọ ìyẹn sínú lẹ́tà tó ń bá mi kọ yìí.

Má ṣe gbé àga mi tàbí ìkòkò omi kúrò níbi tí mo fi wọ́n sí. Mo kí gbogbo ilé.