Ọkàn Shalom Nínú Àwo Gíláàsì

                                        Ilé Kejìlá, Òpópónà Kẹta,
                                        Jahi,
                                        Àbújá.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Bọ́sẹ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Adó? Festus ọkọ rẹ ńkọ́, ẹni tí orí máa ń fọ́ ní gbogbo ọjọ́ ìpàdé ẹbí? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àlejò tuntun? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń ro Màmá lọ́jọ́sí ti fúyẹ́? Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́ olùkọ́. Ara tèmi le, àfi ọrùn tó ń dùn mí nítorí ìtẹ̀ba iṣẹ́.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O bínú pé n kò yọjú síbi ìkómọ, o sì ní kí n sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Àbújá gan-an tí kì í jẹ́ kí n ráàyè. O ní Wálé, àbúrò ọkọ rẹ tí a jọ ń ṣiṣẹ́, sọ fún ọ pé ẹnu ni mo fi ń fa rọ́bà láti àárọ̀ dọ̀sán. Wálé kò purọ́, kò kàn sọ tán ni. Kò sì lè sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá fún ọ, torí ojú ń tì í.

Àwọn ohun wẹ́wẹ́ tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ló para pọ̀ di ẹran ọkàn ènìyàn. Ara sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní àwọn ilẹ̀kùn tí ojú lásán kò lè rí, ọ̀kan nínú wọn sì wà fún iyọ̀. Bó bá ṣí, iyọ̀ á wọlé, á gbé iná díẹ̀ dání, ọkàn á lù kì. Lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn á tì kíá, ọkàn á sinmi, á múra de òmíràn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wọn iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá. A ó fi gíláàsì kan tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí lọ kan sẹ́ẹ̀lì náà, a ó wá máa fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú rọ́bà tó so mọ́ gíláàsì, títí sẹ́ẹ̀lì yóò fi lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Bí o bá fà á jù, ó ti bẹ́. Bí ẹnìkan bá fara gbá tábìlì, ó ti já. Kódà bí àwọn tó ń fọ́ òkúta ní Mpape nítòsí wa bá ti yin ẹ̀tù tiwọn, tiwa dòfo nìyẹn, a ó sì tún mú òmíràn. Ọkàn ehoro la sábà máa ń lò, ehoro kò sì wọ́n lọ́jà Nyanya.

Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kì í ṣe ti ehoro. Ọmọ ọdún méje kan ni, Shalom lorúkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Nehemiah bàbá rẹ̀, ará Kàbà ni wọ́n, Nyanya ni wọ́n ń gbé. Ọmọ náà máa ń dákú lójijì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ṣe ṣubú lórí pápá bọ́ọ̀lù lọ́dún tó kọjá tí kò dìde mọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Shalom láti dí ihò kan tó wà nínú ọkàn rẹ̀, ihò sì dí, ṣùgbọ́n àwọn dókítà mọ̀ pé ihò kọ́ ló ń gbé e ṣubú. Ilẹ̀kùn iyọ̀ yẹn ni wọ́n fura sí, pé kì í tì tán, pé iyọ̀ ń jò wọlé nígbà tó yẹ kí ọkàn máa sinmi. Oògùn kan wà tó lè dí ibi tó ń jò. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ilẹ̀kùn yẹn ló bàjẹ́, oògùn kan náà lè pa á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ìwọ̀nba ẹran ọkàn tí wọ́n gé nígbà iṣẹ́ abẹ ránṣẹ́ sí wa, Nehemiah sì ti fọwọ́ sí i.

A rẹ ẹran náà sínú omi oògùn títí ó fi tú sí sẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó yè tó sì dáa tó fún wíwọ̀n kò ju méjì lọ. Wálé ló mú àkọ́kọ́, ó lẹ̀ mọ́ gíláàsì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí iná. Àṣà ibi iṣẹ́ wa ni pé bí sẹ́ẹ̀lì bá ti lẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀gá àgbà bá wọlé, odi ni gbogbo wa. Ìgbà náà gan-an ni ìyá Nehemiah wọlé, Nehemiah tẹ̀lé e, Habeebah tó ń gba àlejò níwájú kò lè dá a dúró. Ó ní, "Okun o," bí wọ́n ti ń kíra lọ́dọ̀ wọn. Àbúrò ọkọ rẹ, ọmọ tí a kọ́ tó gbẹ̀kọ́, kò ronú rárá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, orí rẹ̀ gbá ẹsẹ̀ tábìlì, sẹ́ẹ̀lì já.

N kò bá a wí. Ara ló ṣe é, kì í ṣe ọgbọ́n orí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí, torí ẹyọ kan ló kù, èmi ló sì kàn. Mo fi rọ́bà sẹ́nu. Màmá náà ń kí mi, mo sì ń gbọ́. Ó tún kí mi. Ó béèrè bóyá adití ni mí. Mi ò dáhùn, mi ò kúnlẹ̀, mi ò bojú wẹ̀yìn. Sẹ́ẹ̀lì lẹ̀, a sì rí ohun tí à ń wá: ilẹ̀kùn Shalom ń tì láàbọ̀, iyọ̀ ń jò wọlé bí ẹ̀rọ omi tí wọn kò tì le. A kán oògùn sí i, jíjò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Dókítà Jàbárù, ọ̀gá wa, ní ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí náà ríran.

Nígbà tí mo wá kúnlẹ̀ kí Màmá, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun kò wá gba ìkíni, ẹran ara ọmọ òun lòun wá gbà. Òun lòun ri ibi Shalom àti ìwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Kàbà, eyín tó kọ́kọ́ yọ, òun lòun jù ú sórí òrùlé. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú, gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára rẹ̀ nílé ìwòsàn, títí dòní kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí wọ́n dà á sí. Bí a kò bá dá ẹran yìí padà kí òun sin ín, oògùn wa kò ní kan ẹnu ọmọ òun, pàápàá láti ọwọ́ ẹni tí kò mọ àgbà í kí. Nehemiah dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Láìjẹ́ pé ó tún fọwọ́ sí ti oògùn, àwọn dókítà kò lè fún Shalom lóògùn, kò sì ní fọwọ́ sí ohun tí ìyá rẹ̀ kọ̀. Mo rò ó lọ́kàn mi pé a ti fẹ́ pa ọmọ yìí báyìí torí pé mi ò kí ènìyàn.

Jàbárù fẹ́ máa ka òfin fún un, pé ohun tó bá ti ara ènìyàn wá, dídáná sun ni. Mo fojú bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Ẹran tí Màmá ń wí kò sí mọ́, ó ti tú. Omi díẹ̀ ló kù nínú àwo, pẹ̀lú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò dáa tó fún wíwọ̀n. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un gẹ́lẹ́, mo sì ní kó wá fojú ara rẹ̀ wo ìyókù. Ó tẹ̀ ba ojú awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú àwo tó ń lù fúnra rẹ̀. Á lù kì, á sinmi, á tún lù kì.

Ó béèrè bóyá ti Shalom ni. Mo ní ti Shalom ni. Ó fi ìdí aṣọ nu ojú, ó ní, "Ó ṣì wà láàyè. A kì í sin ohun tó wà láàyè. Nehemiah, lọ fọwọ́ sí i kí wọ́n fún un lóògùn."

Ohun tí àwa tó wà níbẹ̀ kò tíì bá ara wa sọ nìyí. Sẹ́ẹ̀lì tó wá láti ibi tí wọ́n ti gé ẹran yẹn, bí ara rẹ̀ bá dá, jẹ́ẹ́ ló máa ń wà nínú àwo. Kì í lù fúnra rẹ̀. Iyọ̀ tó ń jò wọlé ló ń mú kí ti Shalom máa lù. Ohun tí Màmá rí tó pè ní ẹ̀mí, àìsàn ọmọ náà ni. Jàbárù mọ̀, Wálé mọ̀, èmi náà mọ̀, a sì panu mọ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo kán oògùn sínú àwo, sẹ́ẹ̀lì náà sì dákẹ́. Ìwòsàn ni ìdákẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n ká ní Màmá dúró, yóò ní a ti pa á. Àwọn àgbà ní gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ, àmọ́ iṣẹ́ tèmi ni kí n sọ ohun tí ojú rí. Ó ń dùn mí díẹ̀.

Bá mi kí Festus, kí o sì bá mi gbé ọmọ tuntun jó. Sọ fún Màmá tó wà lọ́dọ̀ yín ní Adó pé mo ń bọ̀ lọ́dún Kérésì. Má fi ti tábìlì ṣe Wálé ní yẹ̀yẹ́, ó ti tó o.

Shalom ti ń lo oògùn náà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọkàn rẹ̀ sì ń sọ ohun rere. Mo lọ wò ó lánàá. Ìyá bàbá rẹ̀ ti sọ fún un pé òun rí ọkàn rẹ̀ nínú àwo, pé ó ń jó. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ọmọ Àbújá, òyìnbó ló fi ń fèsì. Ó bi mí bóyá ó ṣì ń jó. Mo ní rárá, ó ti ń sinmi. Ó ní ó dára, ijó yẹn ti rẹ òun tipẹ́.

Tìrẹ ni mo jẹ́ bí àtẹ̀yìnwá,
Tiwátọ́pẹ́.