Àtẹ̀gùn Etí Adágún

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹjọ, 2023. Cuttack, ìlú tí mo ti ń kàwé.

Òjò láti àárọ̀. Mo lọ sí kíláàsì, mo bọ̀, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Olùkọ́ béèrè ohun tí mo mọ̀ dáadáa — mo tẹjú mọ́ tábìlì. Ẹni tó jókòó tì mí dáhùn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọdún kìíní nìyí o. Bóyá ẹ̀kọ́ òfin kì í ṣe fún irú mi.

Bàbá pè nírọ̀lẹ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pè mí kẹ́yìn. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún kí n tó gbé e. Wọn kò béèrè bóyá mo ti jẹun. Wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n mi Trilochan ti rí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ igbó, iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ìjọba kì í gba ẹni tí ẹjọ́ ọ̀daràn wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹjọ́ mi ló wà lọ́rùn rẹ̀. Apá mi ni.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹjọ

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí gbogbo ilé ló ń sọ òmíràn.

Ọdún tó kọjá, ìgbà òjò. Bàbá fẹ́ pín oko ìrẹsì. Lọ́dọ̀ wa, òfin ní kí ọmọbìnrin gba ìpín tirẹ̀. Àṣà ní kó dá a padà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́kùnrin, kó sì máa rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ní mo fẹ́ fi tèmi kàwé. Ẹ̀gbọ́n bá mi níbi tí mo ti ń fọṣọ, lórí àtẹ̀gùn olókùúta etí adágún. "Ìwọ tá a máa fi fún ilé onílé lọ́la, oko wo lò ń dù?" Mo dá a lóhùn. Ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká mi. Lẹ́yìn náà — òkúta. Apá òsì mi kán. Màmá Nirupama, ọ̀gá ilé ìwé abúlé wa, ló gbé mi lọ sí ọsibítù. Àwọn náà ló lọ sọ fún ọlọ́pàá.

Bàbá ní ẹsẹ̀ mi ló yọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ẹsẹ̀ mi ló yọ̀. Aládùúgbò tí kò sí níbẹ̀ rárá ní ẹsẹ̀ mi ló yọ̀. Màmá mi kò dá sí i. Wọ́n kàn ní òjò pọ̀ lọ́jọ́ náà.

Òkúta yẹn máa ń yọ̀ lóòótọ́.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹjọ

Bóyá ẹsẹ̀ mi ló yọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Kẹjọ

Bàbá wá. A pàdé ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò wọn. Baba Oníkọ́ ni mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi: gbólóhùn kan, ikọ́ kan. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń rẹ ọmọ ọwọ́ lẹ́kún. Ilé Ẹjọ́ Gíga lágbára láti gé irú ẹjọ́ yìí dànù bí ẹni tó fara pa àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn bá ti parí ìjà. Ṣùgbọ́n adájọ́ yóò pè mí síwájú, yóò bi mí bóyá wọ́n fipá mú mi.

"Kí o sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àbí wọn ò tíì kọ́ yín ní 'rárá' ní yunifásítì?" Ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́.

Ìwé ìparí ìjà náà ní èdè-àìyedè lásán ló ṣẹlẹ̀. Ó tún ní mo ti fi ìpín oko mi sílẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Mo fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, mo fọwọ́ sí i. Bàtà Bàbá ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, òjò ti wọ inú rẹ̀ — kí ni ǹ bá ṣe?

Bàbá sin mí dé títì. "Bidu, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Jẹ́ ká tètè kúrò níbẹ̀. Tó o bá ti sọ ọ́ tán, máa bọ̀ nílé. Ìyá rẹ lóun á dín arisa, àkàrà ìrẹsì dídùn yẹn, fún ọ."

Ilé. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ pé kí n máa bọ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Kẹjọ

Ọjọ́ òmìnira orílẹ̀-èdè wa. Gbogbo ọmọ ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wọn. Ó ku èmi àti ọmọńlé ara ògiri. Mo jẹ ìrẹsì olómi, iyọ̀ àti ata. Mo bá ọmọńlé sọ̀rọ̀. Kò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n kò kúrò.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Oṣù Kẹjọ

Mo lọ jókòó sẹ́yìn ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, kí ojú mi lè mọ ibẹ̀. Nọ́ńbà ń yí lórí bọ́ọ̀dù oníná, àwọn ẹlẹ́wù dúdú ń sáré bí èèrà tí a da omi lé. Ọkùnrin kan gba béèlì kí ìyàwó rẹ̀ tó rí àyè jókòó. Ẹjọ́ ilẹ̀ kan — bàbá àgbà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọmọ-ọmọ ló wá gbọ́ ọ — wọ́n tún sún un síwájú. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan àti àna rẹ̀. Ṣé wọ́n fipá mú ọ? Rárá. Ó parí. Kò tó àkókò tí tíì ń tutù.

Mo wo ojú obìnrin náà nígbà tó ń jáde. N kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́tà, 19 Oṣù Kẹjọ

Rukuni ti dé. Yàrá kan náà la jọ ń gbé; Olóorun ni mo ń pè é, ìyẹn kò nílò àlàyé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. N kò mọ ohun tó ṣe mí. Ó bi mí láti abẹ́ aṣọ ìbora: "O yọ̀ ni, àbí ó tì ọ́?"

Mo ní n kò mọ̀ mọ́.

"Èjìká rẹ ńkọ́, òun náà ò mọ̀ ni?" Ó yíra padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kẹjọ

Ọ̀la ni. Mo ti há gbólóhùn mi sórí lédè Gẹ̀ẹ́sì: kò sí ẹni tó fipá mú mi. Mo ń sọ ọ́ fún ògiri.

Ọjọ́rú, 23 Oṣù Kẹjọ

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kóòtù dé.

Ẹ̀gbọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, kò wojú mi. Bàbá jókòó sẹ́yìn. Nọ́ńbà wa jáde. Baba Oníkọ́ dìde: Olúwa mi, ìjà ilé ni, ó ti tán. Adájọ́ yẹ ìwé wò, ó wò mí. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, ó fi Odia, èdè ilé wa, bá mi sọ̀rọ̀ bíi bàbá àgbà ẹnì kan lábúlé.

"Ọmọ mi, kí ló ṣe apá rẹ?"

N kò múra ìyẹn sílẹ̀. Gbólóhùn mi fò lọ. Mo ní mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn.

"O ṣubú ni, àbí wọ́n tì ọ́?"

Mo gbọ́ ohùn kan, ohùn mi ni: "Ẹ̀gbọ́n mi ló tì mí, sà. Mo ti dárí jì í. Mo kàn fẹ́ kó sọ pé òun tì mí."

Baba Oníkọ́ gbàgbé láti wúkọ́.

Adájọ́ yíjú sí Ẹ̀gbọ́n. Ìwọ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yọ̀, Olúwa mi. Mi ò fọwọ́ kàn án."

"Agbẹjọ́rò," ni adájọ́ wí, "kí wá ni ọmọ yìí ń dárí rẹ̀ jì í? Bí ọwọ́ oníbàárà rẹ bá mọ́, kó lọ fi hàn níwájú adájọ́ tó ń gbọ́ ẹlẹ́rìí. Oko ìrẹsì yìí ńkọ́, kí ló wá ṣe nínú ìwé ìdáríjì? Ẹni tó bá fẹ́ oko, kó lọ sí kóòtù tó ń pín oko."

Baba Oníkọ́ sáré bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun fa ìwé tí òun fi ní kí wọ́n gé ẹjọ́ náà dànù padà. Wọ́n gbà fún un. Ẹjọ́ padà sí kóòtù kékeré nílùú wa, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà ẹlòmíràn jáde.

Níta, Ẹ̀gbọ́n ní, "Agbẹjọ́rò ńlá! O kú iṣẹ́ o." Bàbá ń wo ọ̀nà títí básì fi dé. Ìgbà tí wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè ni wọ́n tó ní: "Má wulẹ̀ wá sílé."

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Oṣù Kẹjọ

Kò sí ẹni tó pè.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Oṣù Kẹjọ

Èmi ni mo pè wọ́n nílé. Ó dún, ó dún, wọ́n pa á. Ǹ bá ti sọ "rárá" yẹn. Kí ni mo fi òtítọ́ rà? Tó bá tiẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Tí mo bá yọ̀ lóòótọ́ ńkọ́, tí mo sì ba ayé ọmọ ìyá mi jẹ́?

Ọjọ́rú, 30 Oṣù Kẹjọ

Ọjọ́ ọdún tí ọmọbìnrin ń so okùn mọ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́kùnrin. Àwọn ọmọbìnrin ti wọṣọ tuntun jáde. N kò ra okùn.

Fóònù dún lọ́sàn-án. Nọ́ńbà Màmá Nirupama ló yọ. Màmá mi ni, lórí fóònù wọn.

"O ti jẹun?"

Mo parọ́ pé mo ti jẹun.

"Wọ́n ní ẹjọ́ yẹn ti padà wá sílùú wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tí ẹnì kan bá wà nídìí igi máńgòrò etí adágún lọ́jọ́ náà, tó ń bọ̀ wá pọnmi, tó rí ọwọ́ tó ti ènìyàn — ṣé wọ́n á gbọ́ tirẹ̀?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ta ni, Màmá?"

"Ṣé èmi ni mò ń kàwé òfin, àbí ìwọ? Dá mi lóhùn."

"Wọ́n á gbọ́ tirẹ̀, mà."

Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀.

"Mi ò dúró níwájú adájọ́ rí láyé mi. Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."