Ọmọ Màlúù Tó Wà Nínú Ọgbà Wa

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta, 1843
Wọ́n ti mú Amos ọkọ mi. Ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin méjì, àti Purvis aládùúgbò wa lẹ́yìn wọn — Irùngbọ̀n la máa ń pè é — ó ń wo òkè bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Ó ní ọmọ màlúù tó wà nínú ọgbà wa, tòun ni, Amos ló jí i. Irọ́ ńlá! Ọmọ Rósì, abo màlúù wa, ni. Nígbà tí odò kún, Amos fúnra rẹ̀ ló bá Rósì níbi tí omi gbé e jù sí, ó ti kú, ọmọ rẹ̀ dúró tì í, ó ń ké. Ó rí àmì wa ní ìdí rẹ̀, ó rí ìwo rẹ̀ tó wọ́. Ẹkún ló fi sọ ọ́ fún mi. Ta ló ń sunkún nítorí irọ́?

Nell ń béèrè bàbá rẹ̀. Mo ní ó ń bọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ
Òjò. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin
Ẹjọ́ ti parí. Wọn ò gbà kí n jẹ́rìí, òfin ní ìyàwó ò lè jẹ́rìí fún ọkọ rẹ̀. Adájọ́ ní kí wọ́n mú ọmọ màlúù náà lọ sẹ́yìn kóòtù, kí wọ́n tú u sílẹ̀ sáàárín àwọn màlúù Purvis. Gbogbo ìlú rọ̀ mọ́ ọgbà. Ó gba àárín wọn kọjá, ó lọ tààrà sábẹ́ abo kan, ó ń mu ọmú. Abo náà ń lá a. Ẹnì kan pariwo pé, "Ẹlẹ́rìí ti sọ tiẹ̀ o, ẹ jẹ́ ká máa lọlé!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ṣé a ò mọ màlúù ni? Èyí tí ọmọ rẹ̀ bá kú, tí ọmú ń ro ó, á lá ọmọ ẹlòmíì. Ebi sì ń pa ọmọ.

Ọdún mẹ́wàá. Iṣẹ́ àṣekára, ní erékùṣù àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Amos ò wojú mi. Mo rò pé ojú ló ń tì í.

Mo bá Dorcas ìyàwó Purvis lẹ́nu ọ̀nà, mo tutọ́ sórí bàtà rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Nell, ẹ pẹ̀lẹ́." Pẹ̀lẹ́! Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Pásítọ̀ bá mi kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Gómìnà: pé Rósì kú sómi, pé ọmọ rẹ̀ ni ọmọ yẹn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti fọwọ́ sí i, Pásítọ̀ fi í sọ́dọ̀ mi. Èmi ni màá fọwọ́ sí i kẹ́yìn, lójú rẹ̀, lọ́jọ́ kejì Àjíǹde. Ó ní bí ẹnì kan láti ilé Purvis bá lè fọwọ́ sí i, Gómìnà á ṣàánú. Ilé Purvis kẹ̀!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá
Mo gbé ìtìjú mì, mo lọ. Dorcas ń po ìyẹ̀fun. "Ìyá Nell, itọ́ yín ò tíì gbẹ lára bàtà mi o." Ó wá rẹ́rìn-ín, ó fa àga fún mi. Mo sunkún síbẹ̀ bí ọmọdé. Ó lóun á wá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Àjíǹde. Kí Irùngbọ̀n má ṣáà gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi tó máa kó Amos àtàwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù ò tíì kúrò ní Sídínì. Ọlọ́run ṣeun.

Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde
Nell ló kọ́kọ́ rí i. "Màmá! Rósì ti jíǹde!"

Mo ní kó má fi orúkọ Ọlọ́run ṣeré. Mo jáde. Ìwo tó wọ́. Àmì wa ní ìdí. Ó sanra, koríko inú igbó ti bá a lára mu. Ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, ọmọ tirẹ̀ gan-an, ó ń fi orí gbá a lọ́mú. Èmi náà ni mo ṣí ọgbà fún wọn.

Amos o. O sunkún lójú mi.

Ibẹ̀ ni Dorcas bá mi. Ó wo Rósì. Ó wo ọmọ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá wọlé, ó ní, "Ibo ni kí n fọwọ́ sí?"

"Ìyáàfin Purvis, ẹ ṣáà ti rí i."

"Ìgbà wo ni mi ò ti mọ̀? Ọdún mẹ́wàá nítorí ọmọ màlúù kan, ó ti pọ̀ jù." Ó fọwọ́ sí i, ó gbá mi léjìká, ó lọ.

Nell mu wàrà yó. Ó ti pẹ́ tó ti yó bẹ́ẹ̀.

Ìwé náà wà lórí tábìlì, ó ní Rósì kú sómi. Ibi orúkọ mi nìkan ló ṣófo. Pásítọ̀ ń bọ̀ lọ́la. Mo ki pẹ́ẹ̀nì bọ yíǹkì, ó gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tún kì í bọ̀ ọ́.