Ohùn Tó Dáhùn ní Sófíà

Dafinka ọmọ mi,

Ọlọ́run tó mú ọ la òtútù ọdún yìí já kò ní jù ọ́ sílẹ̀ nínú ooru. Ara mi dá díẹ̀, ti bàbá rẹ náà dá, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ní kí n kí ọ. Àgùntàn méjì bímọ, ọmọ ọ̀kan kú. Vuta àgbà tó máa ń bá wa fún wàrà náà kú, wọ́n sin ín ní Sátidé, a jẹ àlìkámà sísè níbẹ̀, òjò sì pa gbogbo wa.

A rí ọ nínú tẹlifíṣọ̀n Penyo ní ilé ọtí. Ẹ̀wù kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀ ni bàbá rẹ wọ̀ lọ, ó ní bóyá ìwọ náà á rí òun láti ibẹ̀. Inú mi ò dùn nígbà tí wọ́n ń gbé yín gun ìwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹran ọjà. Mo bi Penyo pé ta ló fẹ́ rà wọ́n, ó ní ìyá Dafinka, kò sẹ́ni tó fẹ́ ra ẹnikẹ́ni, àwọn tí ara wọn wúwo bákan náà ló ń bá ara wọn díje. Wọ́n tún ní ẹ máa ń tọ̀ sínú ife lẹ́yìn náà, tí obìnrin kan á dúró tì yín. Kí ni àgbàlagbà ń wá nínú ìtọ̀ ọmọ ọlọ́mọ?

O mọ̀ pé bàbá bàbá rẹ, Marko, gbé ọlọ òkúta sókè lọ́jọ́ àjọ̀dún Jọ́ọ̀jì Mímọ́, ọ̀dọ́ àgùntàn kan ló gbà, abúlé sì bá a jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ náà. Nígbà yẹn, oko ló ń fún èèyàn lágbára. Lẹ́yìn ogun ni irin tí ẹ ń gbé yìí dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá rẹ ní ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbé e tẹ́lẹ̀, ìgbà tó yá wọ́n yọ ọ̀kan kúrò, torí àwọn tó ń gbé e máa ń tẹ ẹ̀yìn sẹ́yìn débi pé bí ẹni tó fẹ́ sùn ni wọ́n rí, àwọn adájọ́ ò sì mọ ẹni tí wọn ó dá láre mọ́. Kò sí obìnrin níbẹ̀ rárá. Ọdún tó kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí obìnrin wá bá gbogbo ayé díje, ìdí nìyẹn tí Balev olùkọ́ yín fi wá síbí, tó bá ọ níbi tó o ti ń ju àpò ọ̀dùnkún sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù, tó ní ẹ fún mi lọ́mọ yìí, ẹ ò ní kábàámọ̀. Bàbá rẹ bu ọtí fún un.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ fóònù ọjọ́ Ajé. O mọ̀ pé mi ò fọkàn tán nǹkan náà, mo gbà pé ẹni tó bá ń kọjá lọ lórí wáyà lè yà dá èèyàn lóhùn. Gena tó ń jókòó sí ilé ìfìwéránṣẹ́ bá mi tẹ̀ ẹ́. Ohùn ọkùnrin ló dáhùn. Ó ní, Màmá. Mo ní ìwọ ọkùnrin yìí, mi ò bí ọ, gbé fóònù fún ọmọ mi. Ó ní Màmá, èmi ni. Mo ní ojú ò tiẹ̀ tì ọ́, kí lò ń wá níbi tí àwọn ọmọbìnrin ń sùn? Mo bú u, mo bú ìyá tó bí i. Gena ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni ohùn yẹn bú sẹ́kún, ó ń gbé ẹkún mì, ó ń gbé e mì, kó tó jáde, bí ìwọ ti máa ń ṣe láti kékeré. Mo jókòó sórí àpò lẹ́tà Gena. Mo ní kó tún wáyà rẹ̀ ṣe. Ó ní wáyà ò ní nǹkan kan, òun bá ẹ̀gbọ́n òun sọ̀rọ̀ láàárọ̀.

Mo lọ bá Nedyalka, nọ́ọ̀sì wa. Mo sọ gbogbo ohun tó o sọ fún mi lọ́jọ́ náà nígbà tí ẹkún rẹ dá: oògùn oníhóró tí Balev ń pè ní fítámì, tó ń pín fún yín pẹ̀lú wàrà òwúrọ̀, irun àgbọ̀n tí ò ń fá, nǹkan oṣù tí o ò rí láti ìgbà yìnyín. Mo ní àbí ó lóyún ni. Nedyalka ti ilẹ̀kùn. Ó ní kì í ṣe oyún, ìyá Dafinka, oògùn tó ń sọ ara obìnrin di ti ọkùnrin ni wọ́n ń fún un, kí iṣan rẹ̀ lè ki. Mo ní màá fi oyin ránṣẹ́, oyin á tún ọ̀fun ṣe. Ó ní tó bá jáwọ́ ńbẹ̀ báyìí, àwọn nǹkan kan á padà, ohùn ò ní padà. Mo ní ṣé kò sí bóyá kankan? Ó ní kò sí.

Oyin náà wà nínú ẹrù yìí, má wulẹ̀ bi mí.

Mo sọ fún bàbá rẹ. Ó la igi títí ilẹ̀ fi ṣú, ó wọlé, ó ní ta ni yóò máa dá orin fún àwọn obìnrin nínú oko tábà báyìí bó ti máa ń ṣe? Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí ilé ọtí lọ já fọ́tò rẹ tí Penyo lẹ̀ mọ́ ògiri kúrò. Penyo ní ṣé ó ń jowú ọmọ rẹ̀ ni, bàbá rẹ sì gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́, òun tí kì í jà.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ti òrùlé ni mo máa ń bẹ̀ ọ́ fún. Kí òrùlé máa jò. Fi owó bọ́ọ̀sì Sófíà ránṣẹ́, ti ẹni kan ní àlọ, ti ẹni méjì ní àbọ̀. Kí n tó dé, bí wọ́n bá fún ọ ní hóró yẹn, fi sábẹ́ ahọ́n, bí wọ́n bá yíjú, tu ú dànù. Gena ní wọn ò ní jẹ́ kí irú mi wọ gbọ̀ngàn yín. Màá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí Balev bá jáde, màá ní ọmọbìnrin ni wọ́n mú nílé mi, mo wá mú un lọ bó ṣe wà yẹn.

Ọlọ́run á pa ọ́ mọ́ dè mí. Irin ò ní já lù ọ́, ọkàn rẹ ò ní kú. Bó o bá tún rí ààyè, pè mí ní ọ̀dọ̀ Gena. Má fọ ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ nítorí mi. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Èmi ìyá rẹ,
Stoyna